Ọrùn Ẹsẹ̀ Ni Mo Ti Jẹun

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama, tẹ́ ẹ jókòó sílé tẹ́ ẹ ń ro iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fọwọ́ mú, ẹ jẹ́ n sọ tèmi fún yín. Ẹ má wò ó pé mi ò tíì hu ewú. Ọmọ mẹ́ta ló ń fà mí láṣọ, èyí tó kéré jù ṣì wà lọ́mú bí mo ṣe ń kọ èyí, bẹ́ẹ̀ mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì, èmi náà tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́rìndínlógún gbé àgbàlagbà sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, tó tún loyún lẹ́ẹ̀mẹta láàárín rẹ̀, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ á bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ilé físíò kan ní Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú iṣan àti egungun, ni mo ti ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Àgbowó là ń gbé, bàbá mi ò lágbára yunifásítì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán wa, àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gbọ́ pé wọ́n ń wá ọmọbìnrin tó lágbára. Mo lọ ní Mọ́ńdè, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní Túsìdeè. Owó oṣù náà ń wọkọ̀, ó sì ń jẹun. Ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi ni ọ̀rọ̀ wà lára wọn. Obìnrin ni, Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n máa ń fi okùn so gíláàsì wọn kọ́rùn. Tí wọ́n bá ń bá ọ wí, o ò ní gbọ́ ariwo. Ojú ni wọ́n á fi wò ọ́ lórí gíláàsì yẹn, àyà rẹ á já.

Lọ́jọ́ kìíní mi, wọ́n gbé bàbá kan tí rọpárọsẹ̀ mú lápá kan wọlé. Mo ṣe bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ẹ kú ìrọ́jú. Olúwa á ṣàánú yín o.” Bàbá bú sẹ́kún. Mọ́mì pè mí sẹ́yìn kọ́tìnnì.

“Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, mà.”

“Kí lo wá ń bá wọn dárò fún? Iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe níbí, iṣẹ́ tó le ju tìẹ lọ. Báwo la ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́?”

“Ẹ kú iṣẹ́, mà.”

“Lọ kí wọn.”

Mo padà lọ, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà.” Bàbá yẹn nu ojú, ó wò mí títí, ó wá rẹ́rìn-ín lápá kan tó ṣẹ́ kù fún un. Láti ọjọ́ náà, n kì í kí aláìsàn ní pẹ̀lẹ́ mọ́. Títí dòní, tí ọmọ mi bá ṣubú, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń sọ ọ́, mo ti dákẹ́.

Òfin kejì Mọ́mì: kò sí ẹ̀rọ tí o máa so mọ́ ẹlòmíì tí o ò tíì so mọ́ ara rẹ. Ẹ̀rọ tí a ń lò nígbà náà tóbi bí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Bọ́tìnnì yíyí wà níwájú rẹ̀, wáyà jáde lára rẹ̀, rọ́bà dúdú wà lẹ́nu wáyà. A máa rẹ kànìnkànìn sómi, a ó fi sábẹ́ rọ́bà, a ó wá fi ọ̀já dì í mọ́ ara. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ so ó mọ́ ẹsẹ̀ mi, mo yí bọ́tìnnì bí ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ rédíò, mo fò kúrò lórí àga. Mọ́mì ò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ohun tí wọ́n ń kà.

“O ti mọ bó ṣe ń rí lára aláìsàn tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá kánjú,” ni wọ́n wí.

Òfin kẹta ló máa kó wa sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ: ohun tí aláìsàn bá sọ lẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló ń gbé. Ìyá aláìsàn ì báà bi ọ́, ọkọ rẹ̀ ì báà bi ọ́, ìmáàmù tàbí pásítọ̀ rẹ̀ ì báà kúnlẹ̀.

Nínú gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀, ti ọrùn ẹsẹ̀ ló di tèmi. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín, lápá inú, níbi tí méjèèjì ti kọjú síra wọn. Lókè kókósẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn egungun, iṣan ìmọ̀lára kan gba ibẹ̀ kọjá. Kò dúró ní ẹsẹ̀ o. Ó gòkè títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí iṣan àpò ìtọ̀ àti ti ojú ara náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì ní ká wò ó bí òpó iná kan tí ilé méjì fa wáyà lára rẹ̀. Bí iná ilé kejì bá ń ṣe ségesège, tí o ò sì lè wọ ilé náà, gba ilé kìíní lọ sídìí òpó. Tí o bá ti rí ojú ibẹ̀, tí o fi iná díẹ̀ sí i, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á ká fúnra rẹ̀, bíi kòkòrò tí wọ́n fọwọ́ kàn. Tí kò bá ká, o ò tíì débẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni ìpara. Àwọn ìyá wa ò jẹ́ fi ẹsẹ̀ funfun jáde nílé láéláé. Tí wọ́n bá ń lọ síwájú dókítà, ńṣe ni wọ́n á tún kun ún kó máa dán. Rọ́bà á sì máa yọ̀. Mo máa ń fi sípíríìtì nu ẹsẹ̀ àwọn ìyá títí wọ́n á fi bínú. Ìyá kan ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo ra ìpara náà ni?”

Àwọn tí ìtọ̀ ń yọ́ mọ́ lára la ń lò ó fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò títí Sìdí fi dé.

Sìdí ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, ọjọ́ orí wa ò jìnnà síra. Dókítà ọpọlọ ní ọsibítù ńlá ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní MS ni. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti wí pé ayé ló ń ṣe é kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ara ẹni fúnra rẹ̀ ló ń dìde bá ara rẹ̀ jà: ó ń bó rọ́bà tó bo àwọn wáyà inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, iná ò wá ní kọjá dáadáa mọ́. Lónìí ojú á ṣú. Lọ́tùn-únla ẹsẹ̀ á wúwo. Tó bá yá, á dà bíi pé ó ti lọ, kó tún tó padà dé. Ọ̀pá ni Sìdí fi ń rìn nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdárayá ẹsẹ̀ ni wọ́n ní ká máa ṣe fún un.

Lọ́jọ́ kan, mo ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó gbọ́ tí mò ń bá ìyá kan lórí bẹ́ẹ̀dì kejì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí ìyá náà lọ tán, Sìdí ní, “Àǹtí Bùkọ́lá, ṣé ẹ̀rọ yẹn lè jí igi?”

“Igi wo?”

“Èmi.”

Ó kọjú sí ògiri. Ó ní tí Wàsíù ọkọ òun bá fọwọ́ kan òun, ó dà bí ìgbà tó ń fọwọ́ kan àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. “Mo mọ̀ pé ọwọ́ wà níbẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí adùn, kò sí ìrora, ara mi kì í dáhùn. Mo kọ́kọ́ ń díbọ́n. Ó mọ̀. Ó rò pé mi ò fẹ́ òun mọ́. Ní báyìí bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò la ṣe ń sùn.”

“Ṣé ẹ sọ fún un pé àìsàn náà ni?”

“Èmi gan-an ò mọ̀ bóyá àìsàn náà ni. Mo ti ní kó lọ fẹ́ ẹlòmíì. Mi ò fẹ́ kó fẹ́ ẹlòmíì o, Àǹtí! Àmọ́ ẹnu mi ti sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ sì ti rí ọmọbìnrin kan ní Mọ́níyà. Tá a bá jẹ Iléyá tán, wọ́n fẹ́ mú un wá fi hàn án.”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n pe Mọ́mì. Ó fi aṣọ bojú, ó ní kí n pè wọ́n. Mọ́mì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ tán.

“Ó wà nínú ìwé rẹ pé o sọ ti ìtọ̀ fún dókítà, ojú ò tì ọ́. Kí ló dé tí o ò sọ ti èyí?”

“Ìtọ̀ ò ní orogún, mà.”

Mọ́mì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, Sìdí rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún. Mọ́mì wá ṣàlàyé pé MS máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún obìnrin àti ọkùnrin, pé òpó kan náà ni. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ti ń dán iná ọrùn ẹsẹ̀ wò fún un, pé àwọn obìnrin kan tí wọ́n gbà á nítorí ìtọ̀ máa ń wí pé ọ̀rọ̀ inú yàrá wọn náà yí padà. “Mi ò ṣèlérí. Ó lè ṣe díẹ̀, ó lè má ṣe nǹkan kan. Màá kọ́kọ́ bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀. Àmọ́ mú ọkọ rẹ wá.”

Wàsíù ń ta táyà ní Rìngì Róòdù, ọkùnrin fìrìgbọ̀n. Ṣùgbọ́n etí àga ló jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, tó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Mọ́mì sọ fún un pé, “Kì í ṣe pé ìyàwó rẹ kọ̀ ọ́. Wáyà ló bó.”

Ó ní, “Kì í ṣe èmi?”

“Kì í ṣe ìwọ.”

Ó fi fìlà náà nu ojú. Ọkùnrin yẹn ti fi ọ̀pọ̀ oṣù rò pé ara òun ni àbùkù wà. Mọ́mì wá kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa ṣe sí ara wọn nílé: kí Sìdí kọ́kọ́ sinmi, kí yàrá tutù, kí wọ́n má kánjú. “Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi máa wá ibi tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ máa bi ara yín léèrè. Ẹnu kì í ṣe fún oúnjẹ nìkan.” Wàsíù ń wo ilẹ̀, etí rẹ̀ ń gbóná, àmọ́ ó ń gbọ́.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ààbọ̀ wákàtí. Màá nu ìpara, màá tọ́ ojú iṣan, àtàǹpàkò á ká, èmi pẹ̀lú Sìdí á máa sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa. Nílé wọn, wọ́n sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú. Irọ́ gidi náà kọ́, ẹsẹ̀ la kúkú ń so wáyà mọ́.

Àmọ́ ẹni tí a bá sọ fún pé ẹsẹ̀ là ń tọ́jú, ẹsẹ̀ ni yóò máa wò. Alhájà, ìyá Wàsíù, tẹ̀ lé Sìdí wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kan láti Mọ́níyà. Wọ́n dúró tì wá bí ọ̀gá ilé ìwé.

“Àtàǹpàkò ọmọ mi ń ká,” ni wọ́n wí, “ẹsẹ̀ ò rìn. Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo ni yóò ju ọ̀pá yìí nù?”

Mo wo Sìdí. Sìdí ń wo òkè àjà. “Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, mà,” ni mo wí.

“Díẹ̀díẹ̀!” Wọ́n pòṣé. “Díẹ̀díẹ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, òun ò ní ọmọ mẹ́ta nílé.”

Kò pẹ́ sígbà náà, Sìdí pa Jímọ̀ kan jẹ. Mo pè é, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ní Mọ́ńdè, lọ́sàn-án gangan, mo gbọ́ igbe lẹ́nu ọ̀nà. Wàsíù ló gbé ìyàwó rẹ̀ pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì dirodiro. Alhájà ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù fún wọn. Sìdí tẹjú mọ́ ojú kan, ó ní òun ò ríran.

Alhájà ti mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Mọ́níyà tó ń fi oru omi tọ́jú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò omi híhó síwájú rẹ̀, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Sìdí ò lè kọ̀ fún wọn. Tó bá kọ̀, wọ́n á ní kí ló wá ń lọ ṣe ní Bódìjà? Inú oru náà ni ojú rẹ̀ ti ṣú, tí ẹsẹ̀ sì kú.

“Fáànù!” ni Mọ́mì wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn wọn lókè nìyẹn. “Bùkọ́lá, àwọn táwẹ́ẹ̀lì inú fíríìjì!” A tẹ́ Sìdí sílẹ̀, a fi táwẹ́ẹ̀lì tútù sí i lọ́rùn, lábíyá, nítan, a ń rọra fún un lómi tútù mu. Mọ́mì pe dókítà rẹ̀ lórí fóònù. Wáyà tí rọ́bà rẹ̀ ti bó, ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ara bá gbóná, ìwọ̀nba iná tó ń kọjá tẹ́lẹ̀ á tún dáwọ́ dúró. Bí ara bá tutù, ó sábà máa ń padà. Mọ́mì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa yòókù ò mọ̀. Mo ń yí táwẹ́ẹ̀lì padà, mo ń rántí ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré tó máa ń tẹ̀ lé e wá, tó fẹ́ràn bisikíìtì mi.

Alhájà jókòó sílẹ̀. “Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ! Ọmọ tí mo fẹ́ràn ju èyí tí mo bí lọ!”

“Alhájà, èmi rèé níbí o,” Wàsíù wí.

“Dákẹ́ lẹ́nu!”

Nígbà tó yá, Sìdí ní, “Mo rí fáànù.” Ó tún ní, “Ó dọ̀tí.” Ẹ̀rín pa mí, omi bọ́ lójú mi. Àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mira.

Mọ́mì wá kọjú sí Alhájà. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ rò pé à ń tọ́jú níbí?”

“Ẹsẹ̀ ni. Kí ló tún wà?”

Mo mọ ìdáhùn, ó ń ta mí lẹ́nu bí ata, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Mọ́mì wo Wàsíù. Wàsíù ń wo bàtà ẹsẹ̀ kan tó kù lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀, Alhájà á mú ìyàwó wọn lọ síbòmíì, ọmọ Mọ́níyà yẹn á sì wọlé.

Sìdí ló sọ ọ́, lórí ibi tó dùbúlẹ̀ sí, táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. “Alhájà, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ yín ni. Àìsàn yìí ti gba ìmọ̀lára kúrò lójú ara mi. Mi ò mọ ọwọ́ ọkọ mi mọ́. Òun la ń tọ́jú.”

Alhájà wo Sìdí, wọ́n wo Wàsíù, wọ́n wo ẹ̀rọ lórí tábìlì.

“Láti ọrùn ẹsẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni Mọ́mì wí.

“Ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?”

Wàsíù kọjú sí ojú fèrèsé. Sìdí ní, “Ó ti ń bẹ̀rẹ̀.”

Alhájà bú jáde. “Ẹ̀yin ọmọ yìí ò dáa o! Ẹ wá jẹ́ kí n máa gbé omi híhó kiri! Ṣé mo bí ọmọ méje nípa kíka ìwé ni? Ta ló ní kẹ́ ẹ fi irú èyí pa mọ́ fún mi?” Wọ́n tọ́ka sí Sìdí. “Níbo làwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sùn?”

“Lórí bẹ́ẹ̀dì wa,” Sìdí wí.

“Lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà!” Wọ́n yíjú sí Mọ́mì. “Dókítà, ẹ bá mi gbọ́. Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀?”

Láti ọ̀sẹ̀ náà, bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Alhájà á wá láti Mọ́níyà, wọ́n á kó àwọn ọmọ lọ, ó di Sátidé kí wọ́n tó dá wọn padà. Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n ní ọmọ tí àwọn fẹ́ mú wá, àwọn ti ní kó wá ọkọ síbòmíì.

Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ Sìdí, àìsàn náà ò lọ. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ kan, bí mo ṣe ń nu ìpara lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fà mí létí sún mọ́ra. “Àǹtí Bùkọ́lá, igi ti rúwé o.” Ó tún rò ó. “Gbogbo rẹ̀ kọ́. Ẹ̀ka kan.” Ẹ̀rín wa ni Mọ́mì gbọ́ tí wọ́n fi yọjú láàárín kọ́tìnnì, wọ́n wò wá lórí gíláàsì, wọ́n padà.

Ẹ̀rọ ńlá yẹn ti di ohun tí a fi ń gbé fúláwà lé. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ báyìí kò ju fóònù lọ, bátìrì ló ń lò, a kì í retí NEPA mọ́. Rọ́bà ti di ohun pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ara. Ìpara nìkan ni kò yí padà. Mo gbọ́ pé irú rẹ̀ wà lórí àtẹ ní Dùgbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ rà á kẹ́ ẹ máa so ó mọ́ ara yín. Kò tọ́ sí aláboyún, kò tọ́ sí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kó fi sí yín lára.

Nígbà tí ẹ̀yìn mi kọ̀ tán, Mọ́mì rí bí mo ṣe ń fi ògiri dìde. Wọ́n ní, “Bùkọ́lá, ó tó.” Lọ́jọ́ tí mo lọ, gbogbo àwọn ará ilé iṣẹ́ rọ̀gbà yí mi ká, wọ́n ń kí mi ní pẹ̀lẹ́, èmi náà ń sunkún. Mọ́mì jáde ní ọ́fíìsì.

“Ta ló kú?”

Wọ́n wá gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú. “Kú iṣẹ́,” ni wọ́n wí. “Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi.”

Èyí tó kẹ́yìn nìyí. Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n kan ilẹ̀kùn wa ní Akóbọ̀. Alhájà ni, Sìdí ló júwe ilé fún wọn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ Sìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ mi jó, wọ́n súre fún un, wọ́n gbé e padà fún mi. Wọ́n wá pàtẹ́wọ́ pe àwọn méjì tó dàgbà.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wọ bàtà. Mọ́níyà là ń lọ.”

Ọkọ mi yọ láti ilé ìdáná, àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Alhájà, ẹ ṣeun o, mà. Àmọ́ ìyàwó mi ò ní àìsàn kankan o.”

Alhájà wò ó láti òkè délẹ̀. “Ta ló ní kó ní?” Wọ́n ti ń mú àwọn ọmọ lọ́wọ́ jáde. “Èyí tó wà lọ́mú yẹn, ẹ tan fáànù sí i. Yóò sùn.”